Ilẹ̀ Tí Ọkọ̀ Ń Sùn Lé: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Yẹ Ká Fi Bò Ó

Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́dọ̀ wa máa ń náwó sí pálọ̀, ó máa ń náwó sí ilé ìdáná, ó máa ń náwó sí géètì. Ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ ń sùn ló máa ń kẹ́yìn. Bíríkìlà á da kọnkéré síbẹ̀, á dán ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kí ọdún méjì tó pé, epo ẹ́ńjìnì ti sọ ojú ilẹ̀ di dúdú, eruku sìmẹ́ńtì ti ń bá ẹsẹ̀ wọ pálọ̀, ibi tí táyà ń tẹ̀ ti ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà náà ni onílé á gba ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́dà lọ, á ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó le jù. Wọ́n á kùn ún, á dán, àlejò á yìn ín. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá táyà lọ.

Ẹ̀bi náà kì í sábà wà lọ́rùn ọ̀dà. Kọnkéré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò tíì ṣe tán láti gba nǹkan kan mọ́ra. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohun tó fi bo ilẹ̀ pẹ́, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bá ilẹ̀ náà jà, kó yẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wò, kó tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta gálọ́ọ̀nù ọ̀dà. Bí a ó ṣe tò ó níbí náà nìyẹn.

Ohun tó ń bá ilẹ̀ náà jà

Ìwúwo ni àkọ́kọ́. Ọkọ̀ kékeré bíi Toyota Corolla wọ̀n ju kílò 1,000 lọ dáadáa. Jíìpù ńlá lè ju kílò 2,000 lọ. Orí táyà mẹ́rin ni gbogbo ẹrù yẹn dúró lé, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan sì ti kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Síbẹ̀, táyà ṣì rọ̀. Jáàkì ni kò rọ̀. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá gbé ọkọ̀ sókè nílé, irin kékeré kan ló ń tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀.

Epo ni èkejì. Epo ẹ́ńjìnì ń wọnú kọnkéré lọ, nítorí pé kọnkéré ní ihò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, ó sì ń mu nǹkan bíi kànìnkànìn. Epo bíréèkì máa ń bó ọ̀dà kúrò lára nǹkan. Omi bátìrì jẹ́ ásíìdì, ó ń jẹ sìmẹ́ńtì. Bí jẹnẹrétọ̀ bá tún ń bá ọkọ̀ gbé, bẹntiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì á kún un.

Omi ni ẹ̀kẹta, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà wá. Èyí tó ń ti òkè wá, tí ọkọ̀ gbé wọlé látinú òjò, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ wá ló ń fi ọgbọ́n jà. Ní àwọn àdúgbò ẹsẹ̀ ọ̀sà l'Ékòó, bíi apá Lẹ́kì, omi kò jìn sójú ilẹ̀. Bí wọn kò bá tẹ́ náílọ̀n sábẹ́ kọnkéré, ọ̀rinrin á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á sì máa ti ohunkóhun tó bá bo ojú ilẹ̀ kúrò láti abẹ́.

Oòrùn àti ooru wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ibi tí ọkọ̀ ń sùn lọ́dọ̀ wa, òrùlé lásán ló ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á máa wọlé bó ṣe wù ú. Táyà tó ti ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dé sì gbóná gidigidi. Á mú kí ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ̀. Bí ó bá ti ń tutù, á di ọ̀dà náà mú, bí ọkọ̀ bá tún ṣí lọ lówùúrọ̀, á ká a kúrò nílẹ̀.

Ìkẹyìn ni ènìyàn. Ibẹ̀ náà la ń gbé àga sí lọ́jọ́ ìkómọ, ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ń gbà kọjá nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ilẹ̀ tó bá dán jù á yọ̀ wọ́n ṣubú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà wá sọ́kàn ẹni tó ń wo àwọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Kọnkéré fúnra rẹ̀

Ilẹ̀ tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámánì fúlọ́ọ̀ ni gbogbo ohun yòókù dúró lé. Fún ọkọ̀ ilé, kó má ṣe dín ní ínǹṣì mẹ́rin, ìyẹn bíi mílímítà 100; bí jíìpù ńlá tàbí ọkọ̀ akẹ́rù bá máa ń wọ ibẹ̀, ínǹṣì mẹ́fà ló yẹ. Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn ṣáápù méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin ni àpòpọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń lò. Kí náílọ̀n tó nípọn wà lábẹ́ rẹ̀, kí àwọ̀n irin tí wọ́n ń pè ní wáyà BRC wà nínú rẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi lè mọ ibi tí yóò gbà.

Omi tó pọ̀ jù nínú àpòpọ̀ ni àrùn tó wọ́pọ̀ jù. Ó ń mú iṣẹ́ rọrùn fún ẹni tó ń pò ó, ṣùgbọ́n omi náà á gbé sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gòkè, ojú ilẹ̀ á sì di èyí tó ń yọ eruku títí ayé. Sìmẹ́ńtì gbígbẹ tí àwọn kan máa ń wọ́n sójú rẹ̀ kó lè tètè dán náà ń fa irú àìsàn yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á tán, ó kéré tán kí ẹ máa fi omi rin ín fún ọjọ́ méje. Ẹ má sì kun nǹkan kan sí i kí ọjọ́ 28 tó pé. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bí ilẹ̀ bá ti wà tipẹ́, àyẹ̀wò mẹ́ta ló yẹ ká ṣe, kò sì sí èyí tó ń náni ní owó gidi. Ẹ fi orí ìṣó ha á: bí ìyẹ̀fun bá ń dà sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò lágbára. Ẹ kán omi sí i lójú kan lójú kan: bí omi bá wọlé kíákíá, ó ṣetán láti gba ọ̀dà, bó bá dúró rogodo lórí rẹ̀, epo tàbí ohun mìíràn ti dí ihò rẹ̀. Ẹ wá gé náílọ̀n tó mọ́ kedere, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 ní ìbú àti òró, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ yí ká mọ́ ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, ó kéré tán wákàtí 16. Bí ẹ bá ṣí i tí omi ti sán sínú náílọ̀n náà, tàbí tí ojú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti dúdú ju ti àyíká lọ, ọ̀rinrin ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ọ̀dà tó bá dí ilẹ̀ pa kò lè pẹ́ níbẹ̀.

Ilẹ̀ tí ọ̀dà ti ń ṣí lára rẹ̀ tún máa ń jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Ẹ mú èépá kan tó ti ṣí, ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun eérú sìmẹ́ńtì bá lẹ̀ mọ́ ọn, a jẹ́ pé ọ̀dà di ilẹ̀ mú dáadáa, ojú ilẹ̀ ni kò lè di ara rẹ̀ mú. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá mọ́ tónítóní tó sì ń dán, wọn kò ha ojú ilẹ̀ kó tó kùn ún. Bó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, epo wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti kọ́kọ́ ru bí ìléròrò kí ó tó ṣí, ẹ lọ wádìí omi ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ka èépá yìí dáadáa kò ní ra gálọ́ọ̀nù mìíràn sórí àṣìṣe àkọ́kọ́.

Ohun tó wà lọ́jà

Èyí tí mo ka sí pàtàkì tí àwọn ènìyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni oògùn ìmúlẹ̀le, èyí tí wọ́n fi sodium silicate tàbí lithium silicate ṣe. Omi ni, kì í ṣe ọ̀dà. Wọ́n á dà á sílẹ̀, á wọnú kọnkéré, á bá ẹfun tó wà nínú sìmẹ́ńtì pàdé, àwọn méjèèjì á sì di ohun líle nínú ihò kọnkéré náà. Eruku á dáwọ́ dúró. Nítorí pé kò ní awọ lójú ilẹ̀, kò sí ohun tí táyà fẹ́ ká, ọ̀rinrin ìsàlẹ̀ sì ríbi gbà jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní àwọ̀, epo tó bá dà sílẹ̀ tí a kò tètè nù ṣì lè fi àmì sílẹ̀.

Ọ̀dà ilẹ̀ lásán ló pọ̀ jù, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Ó dára fún yàrá ẹrù àti ọ̀nà tí ẹsẹ̀ nìkan ń gbà. Lábẹ́ ọkọ̀, n kò gbà á níyànjú. Ó fẹ́lẹ́ púpọ̀, táyà gbígbóná sì ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀dà olóròóró tí a fi ń kun ilẹ̀kùn kun kọnkéré tún ń kó ara wọn sí wàhálà mìíràn: ẹfun inú sìmẹ́ńtì á máa bá òróró inú ọ̀dà náà jà, á sọ ọ́ di ohun tó rọ̀ tó sì ń yọ̀ bí ọ̀rinrin bá ti kàn án.

Epoxy ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àárín ọdún 1930 sí 1949 ni Pierre Castan ní Switzerland àti Sylvan Greenlee ní Amẹ́ríkà, olúkúlùkù lọ́tọ̀, ṣe iṣẹ́ tó gbé e jáde. Agolo méjì ló máa ń wà nínú: ọ̀kan ni epoxy gan-an, èkejì ni ohun tó ń mú un gan. Láti ìgbà tí a bá ti po wọ́n pọ̀ ni wọ́n ti ń yí padà di ohun líle. Bí ó bá di ilẹ̀ mú, epo kì í wọ ọ́, fífọ̀ rẹ̀ sì rọrùn. Ṣùgbọ́n epoxy ju epoxy lọ. Èyí tí wọ́n fi omi là sábà máa ń ku awọ fẹ́lẹ́ tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà nígbà tó bá gbẹ tán. Èyí tí kò ní omi tàbí ẹ̀là kankan nínú lè nípọn ju ìlọ́po mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lọ. Agolo méjèèjì lè jọra lórí káńtà. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Epoxy kò fẹ́ràn oòrùn. Níbi tí ìtànṣán bá ti ń bà á lójoojúmọ́, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì máa yọ ìyẹ̀fun. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀jáfáfá fi máa ń fi polyurethane bò ó lókè. Jámánì ni Otto Bayer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí polyurethane lọ́dún 1937; irú èyí tí a ṣe fún ìta kì í tètè pàwọ̀dà nínú oòrùn. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní polyaspartic ń yára gbẹ débi pé láàárín wákàtí díẹ̀ ènìyàn ti lè rìn lórí rẹ̀. Owó rẹ̀ ga, ìyára rẹ̀ náà sì le: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá, á gan mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni.

Táìlì ni ọ̀pọ̀ onílé fẹ́, nítorí pé ó wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Táìlì ògiri àti táìlì pálọ̀ tó dán kò yẹ níbí rárá: òjò kan péré, ẹsẹ̀ á yọ̀. Pọsilénì tí ojú rẹ̀ ha, tó nípọn, tí kì í mu omi, lè gbé ọkọ̀ dáadáa, bí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù táìlì kún abẹ́ rẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà tí àwọn tó ń tẹ́ táìlì fi ń dá sìmẹ́ńtì sí i lójú márùn-ún, igun mẹ́rin àti àárín, ló ń pa á. Ibi tó ṣófo lábẹ́ rẹ̀ ni jáàkì máa ń wá kàn. Ẹ fi ìka kan táìlì kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti gbẹ. Èyí tó bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì tún un tẹ́.

Tẹ̀rásò, tí àwọn ilé àtijọ́ wa àti ọ̀pọ̀ ilé ìwé ṣì ní, kì í ṣe ohun àná tó yẹ ká jù nù. Òkúta mábù wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n pò, tí wọ́n lọ̀ títí ó fi dán. Ó le, ó sì ṣeé tún lọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àbùkù rẹ̀ ni pé omi bátìrì ń jẹ ẹ́, àwọn tó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú kò pọ̀ mọ́.

Íńtálọ́ọ̀kì ló gba ojúde ilé wa kan, ó sì tọ́ sí iyì tó gbà. Èyí tó nípọn mílímítà 60 tó fún ọkọ̀ ilé, mílímítà 80 ni fún ọkọ̀ akẹ́rù. Omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá, nítorí náà ọ̀rinrin ìsàlẹ̀ kò lè bá a jà. Bí epo bá ba ẹyọ mẹ́rin jẹ́, ẹyọ mẹ́rin la ó yọ. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́: ilẹ̀ tí wọn kò bá fi ẹ̀rọ kì dáadáa kí wọ́n tó da yanrìn sí i á rì síbi tí táyà ń tẹ̀, bí kò bá sì sí ìdè etí, gbogbo rẹ̀ á máa sún lọ.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ilé-Ifẹ̀, ó ti ju 500 ọdún lọ tí àwọn baba ńlá wa ti fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ó mọ́ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọ̀ọ̀ni. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà ní pẹlẹbẹ. Wọ́n fi etí rẹ̀ dúró, ọ̀kan ti èkejì ṣinṣin, wọ́n sì máa ń to òkúta funfun sí i láàárín nígbà mìíràn. Àpáàdì tó dùbúlẹ̀ á fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀; èyí tó fi etí dúró á gbé ẹrù. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń bá a lábẹ́ ilẹ̀ títí di òní. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí ilẹ̀ wọn fẹ́ fara dà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ti rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ lásán àti táìlì PVC tó ń kọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Kò sí kíkùn, kò sí dídúró kó gbẹ, ayálégbé lè ká tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde. Ó dára fún ilẹ̀ tó ń rin, bí ẹ bá ń ká a sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí abẹ́ rẹ̀ lè gbẹ. Ṣùgbọ́n táyà dúdú máa ń fi àbàwọ́n sára PVC aláwọ̀ fífẹ́rẹ́, àbàwọ́n náà kì í sì í fọ̀.

Fún àwọn ará wa lókè òkun

Ẹni tó wà ní Chicago tàbí ní New York ní ọ̀tá mìíràn. Nígbà òtútù, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Ọkọ̀ á gbé omi oníyọ̀ náà wọ gáráàjì. Omi tó bá ti wọnú ihò kọnkéré, bó bá di yìnyín, á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, á sì máa fọ́ ojú ilẹ̀ láti inú wá. Níbẹ̀, ohun tó dí ihò pa wúlò ju bó ṣe wúlò fún wa lọ. Kí wọ́n rántí pé ọ̀pọ̀ epoxy kì í gan dáadáa bí ilẹ̀ bá tutù ju ìwọ̀n 10 ti Celsius lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n ṣe é, tàbí kí wọ́n lo polyaspartic, tí òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ dí lọ́wọ́. Àwọn ará Houston, tí ooru wọn jọ tiwa, táyà gbígbóná ni kí wọ́n máa ṣọ́ra fún.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Epo ni kí ẹ kọ́kọ́ lé jáde. Ẹ da ìyẹ̀fun pákó láti sọ̀míìlì sórí rẹ̀ kó fà á mu, ẹ gbá a, ẹ fi ọṣẹ tó ń gé epo àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, ẹ tún un ṣe títí omi yóò fi máa wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ha ojú ilẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lọ kọnkéré ló dára jù, nítorí ó ń bó awọ aláìlágbára kúrò. Kí ẹni tó ń lò ó bo imú, eruku òkúta ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn kan ń lo ásíìdì. Ásíìdì kì í bó epo, ó sì léwu: inú omi la ń da ásíìdì sí, a kì í da omi sínú ásíìdì. Bí wọ́n bá lò ó tán, kí wọ́n fi omi púpọ̀ ṣan án, kí ilẹ̀ sì gbẹ délẹ̀délẹ̀.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ìgbà òjò kò dára fún kíkùn, ọyẹ́ náà ń da eruku sórí ọ̀dà tútù. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ọyẹ́, ni ó bọ́ sí i jù. Ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti ń rọ̀ dára ju ọ̀sán lọ, nítorí kọnkéré tó ń gbóná lọ́wọ́ ń mí afẹ́fẹ́ jáde, á sì gbẹ́ ihò sára epoxy. Ooru wa máa ń mú kí agolo tí a pò gan kíákíá, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ká máa pò ó. Kí wọ́n wọ́n yanrìn múlọ́múlọ́ sí i kó lè ha. Kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí iná má sí nítòsí. Bó bá tán, ẹ jẹ́ kó lo nǹkan bí ọjọ́ méje kí ọkọ̀ tó gùn ún.

Èwo wá ni kí ẹ mú?

Bí ilẹ̀ yín bá ń rin láti ìsàlẹ̀, ẹ gbàgbé epoxy. Íńtálọ́ọ̀kì tàbí oògùn ìmúlẹ̀le ni kí ẹ mú. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tó sì le, tí òrùlé àti ògiri bò ó, tí ẹ sì fẹ́ ibi tó mọ́ tó rọrùn láti fọ̀, epoxy tó nípọn ni. Bí oòrùn bá ń wọ ibẹ̀, kí polyurethane bò ó. Bí mẹkáníìkì bá máa ń gbé jáàkì níbẹ̀ lóòrèkóòrè, ẹ sá fún táìlì. Bí owó bá kéré, ẹ má ra ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú: ẹ fọ epo kúrò, ẹ fi oògùn ìmúlẹ̀le rin ilẹ̀, ẹ tẹ́ rọ́bà sí ibi tí ẹ́ńjìnì ń kán sí. Ilẹ̀ yẹn á pẹ́ ju èyí tó ń dán lọ.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún oníṣẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá omi ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀? Kí lo fẹ́ fi ha ojú ilẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ ò ní wọlé? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣiyèméjì ni kí ẹ gbé iṣẹ́ fún. Ẹni tó bá sọ pé òun á wá lówùúrọ̀, òun á kùn ún, ẹ ó sì gbé ọkọ̀ wọlé lálẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.